Àsọrégèé Lẹ́nu Oníbàárà: Ta Ni Ó Ni Ìtumọ̀?

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ oníbàárà nígbà tí ó bá kúrò lọ́jà bọ́ sórí Facebook.

Lọ́jà wa, "oníbàárà mi" ni olùrà ń pe olùtà. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùtà ń pe olùrà. Olùrà lè bu ọjà kù níṣojú ọlọ́jà. Ọlọ́jà yóò fèsì, wọn yóò sì jọ ná an. Ti ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkòròdú ní Odógunyàn yàtọ̀. Ọjà ibẹ̀ a gba ọwọ́ alágbàtà púpọ̀ kọjá. Ẹni tí ó ṣe é kò mọ ẹni tí ó rà á. Facebook ni ó tún fún irú olùrà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Àpẹẹrẹ kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Obìnrin kan ra tòmátò inú agolo tí ilé-iṣẹ́ Erisco Foods ti Èkó ṣe, ó sì kọ ọ́ sí Facebook pé ṣúgà pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní kí ó má ba ọjà arákùnrin òun jẹ́. Ó fèsì pé kí onítọ̀hún gba arákùnrin rẹ̀ níyànjú kí ó yé fi ọjà pa ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ náà ní irọ́ ni, ó ba àwọn lórúkọ jẹ́. Ọlọ́pàá mú obìnrin náà. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015. Ilé-iṣẹ́ náà sì pè é lẹ́jọ́ bílíọ̀nù 5 náírà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe "pa" ni kókó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni obìnrin náà fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n etí Yorùbá mọ irú rẹ̀: ebi a máa pa wá, ẹ̀rín a máa pa wá, a kì í sì í gbẹ́ sàréè nítorí rẹ̀. Àsọrégèé ni. Ṣùgbọ́n ohùn àti ojú ni ó ń fi àsọrégèé hàn. Lórí Facebook, kò sí ohùn, kò sí ojú. Ìtumọ̀ wá di ti ẹni tí ó lágbára láti pe ọlọ́pàá.

A kò sọ pé ilé-iṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ rere. Oúnjẹ òṣìṣẹ́ Odógunyàn wà nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin 2018 tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ ti la ọ̀nà fún àròyé oníbàárà. Níbẹ̀ ni a ti lè yẹ ọjà wò. Àtìmọ́lé kò lè sọ iye ṣúgà inú agolo.

Nínú ìdánwò wa, a máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ́ka sí àsọrégèé inú ewì. Èyí kò tó. Ó yẹ kí a tún bi í pé: ta ni ó sọ ọ́? Ta ni ó ń bá wí? Ọwọ́ ta sì ni agbára wà láti sọ pé ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí?