‘Àṣedànù’: Ìtumọ̀ àti Ìlò Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò ni ó gbà pé ọ̀kan náà ni àṣedànù, òtúbáńtẹ́ àti ìmúlẹ̀mófo. Lóòótọ́, ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n ojú wọn kò jọra. Lámèyítọ́ tí ó bá ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì yóò ṣi ẹjọ́ dá.

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ‘à-’ ni a fi kún ‘ṣe dànù’. Ohun tí ó bá dànù ti wà nínú igbá rí. Ẹni tí ó fún epo tán, tí epo náà dà sílẹ̀ kí ó tó dé ọjà, iṣẹ́ àṣedànù ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó na ọwọ́ mú ilẹ̀, tí ó mú òfo, kò ní ohun tí ìbá dànù: ìmúlẹ̀mófo ni tirẹ̀. Ní ti òtúbáńtẹ́, ibi tí ète yọrí sí ni ó ń tọ́ka sí; ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ìgbìyànjú ‘já sí òtúbáńtẹ́’.

Àpẹẹrẹ kan kò jìnnà sí wa ní gúúsù Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò padà wálé mọ́. British Museum ni ó gbà á, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ pé àṣedànù ni iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀. N kò gbà fún un. Ààfin pàdánù, a sì lè jiyàn lórí pàṣípààrọ̀ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ti wúlò fún ọba, tí ó sì wà títí di òní, kò dànù. Àdánù onílé kì í ṣe àṣedànù oníṣẹ́.

Àwọn àgbà tí ó sọ pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́, ti là wá lọ́yẹ̀: bí iṣẹ́ tilẹ̀ dànù, kò túmọ̀ sí pé agbára àtiṣe òmíràn ti tán. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó pe ìṣe ẹ̀dá-ìtàn kan ní àṣedànù, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì: Kí ni ó ṣe yọrí? Báwo ni ó ṣe dànù?