Ìbòmú Ẹ̀rọ Èémí Tí Kì Í Jò, Tí Kì Í Dá Egbò Síni Lójú

Ìbòmú ẹ̀rọ CPAP ni wọ́n ń dè mọ́ ojú ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ máa ń dí lójú oorun, ẹni tó ń hanrun títí èémí á fi dákẹ́, tí yóò tún ta jí lójijì. Ẹ̀rọ náà ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ọ̀nà ọ̀fun má baà pa dé. Atẹ́gùn yìí kò le púpọ̀. Láti sẹ̀ǹtímítà omi 4 dé 20 ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn agbára tí omi tó ga tó bẹ́ẹ̀ nínú ife fi ń tẹ ìdí ife. Bí ìbòmú bá jò, ọ̀nà ọ̀fun á tún dí. Bí kò bá jò àmọ́ tó ń dunni, aláìsàn á bọ́ ọ sílẹ̀ lóru, ẹ̀rọ olówó ńlá á sì di ẹrù orí tábìlì.

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ihò ni wọ́n ń dá sí ọ̀fun àwọn tí àìsàn náà bá wọ̀ lára. Ní oṣù kẹfà ọdún 1980, Colin Sullivan, dókítà kan ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, fẹ́ atẹ́gùn sí imú ọkùnrin kan tí kò fẹ́ kí wọ́n dá ọ̀fun òun lu. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn rẹ̀ sínú The Lancet ní 1981. Mótò ẹ̀rọ tí ń fa ìdọ̀tí ilé tó láti fẹ́ atẹ́gùn náà; ìbòmú ló mú iṣẹ́ wá. Wọ́n ń fi POP mú àwòṣe imú aláìsàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣe ìbòmú tó bá imú ẹni náà nìkan mu, wọ́n á sì fi gọ́ọ̀mù sílíkónì lẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ lálaalẹ́. Kò jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni aláìsàn ń bó gọ́ọ̀mù kúrò lójú. Ó dájú pé àìsàn náà ti sú ẹni tó bá gbà fún irú èyí.

Ìṣirò kékeré kan wà lábẹ́ gbogbo iṣẹ́ yìí. Sẹ̀ǹtímítà omi 10 jẹ́ ìwúwo gíráàmù 10 lórí ààyè tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóròó. Bí ìbòmú tó bo imú àti ẹnu bá gba irú ààyè bẹ́ẹ̀ 60, gíráàmù 600 ni afẹ́fẹ́ fi ń tì í kúrò lójú, okùn sì gbọ́dọ̀ fà á padà jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Èyí tó bo imú nìkan, tó gba 20, gíráàmù 200 péré ni. Oríṣi kékeré tó kàn gbé ara lé ẹnu ihò imú tún fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì dára fún ẹni tí kì í la ẹnu sùn.

Ní ti awọ, ìwé ìṣègùn sábà máa ń sọ pé mìlímítà mẹ́kúrì 32, tó súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà omi 43, ni agbára tó lè tẹ òpójẹ̀ tíntìntín pa. Ohun tí ìbòmú nílò kí ó má jò kò tó ìdajì ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí egbò bá wá yọ, ibì kan lójú ló ń dá ru ẹrù tó yẹ kí gbogbo ojú pín rù. Igi imú ni ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́, torí awọ fẹ́lẹ́ ló wà lórí egungun níbẹ̀, kò sí ọ̀rá tó máa gbà á sílẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ẹran, ó lè gba ìtẹ̀ mọ́ra.

Ọgbọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ náà, tó gbilẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, ló wuni jù nínú iṣẹ́ yìí. Etí ìbòmú di ìpele méjì: sílíkónì tó nípọn nínú, tó ń gbé ìbòmú dúró, àti òmíràn lóde tó fẹ́lẹ́ bí awọ, tó ká wọ inú. Nínú ọ̀pọ̀ ìbòmú, ti òde yìí kò nípọn tó ìlàjì mìlímítà. Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ sá jáde ló ń fẹ̀ ẹ́ wú, tó sì ń gbé e lẹ̀ mọ́ ojú. Ẹni tó bá ti se ìrẹsì rí mọ ohun tó jọ ọ́: láílọ́ọ̀nù tí a tẹ́ sábẹ́ ìdérí ló ń ká ooru mọ́ ìkòkò, ìdérí kàn ń dì í mú ni. Bí atẹ́gùn bá ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni etí náà ń lẹ̀ sí i, tí aláìsàn bá sì yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ń bá a yí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ọgbọ́n yìí jẹ́ ni okùn. Ìbòmú jò, wọ́n fa okùn le. Awọ fẹ́lẹ́ náà á wá tẹ̀ mọ́ ìpele inú, á ká kò, kò ní lè wú mọ́, afẹ́fẹ́ á gba ojú ìkákò náà jáde sínú ẹyinjú. Wọ́n á tún fà á le sí i, títí igi imú á fi bó. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n dẹ okùn, kí wọ́n gbé ìbòmú kúrò lójú díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń fẹ́, kí etí rẹ̀ wú, kí wọ́n tó dá a padà. Orí ìdùbúlẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nítorí ẹran ojú máa ń yí ààyè padà bí ènìyàn bá nà gbalaja.

Kì í ṣe gbogbo ìjò ni àléébù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ara ìbòmú kí èémí tí a mí síta lè jáde. Bí agbára bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà omi 10, nǹkan bí lítà 30 ló ń gba ibẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá dí àwọn ihò náà yóò máa mí ìdọ̀tí èémí ara rẹ̀ padà.

Ojú ta ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n? Ẹ wo ìbòmú mìíràn tí òun náà kò gbọ́dọ̀ jò: fún ọdún púpọ̀, ìwọ̀n tí Amẹ́ríkà fi ń dán ìbòmú àwọn òṣìṣẹ́ inú eruku àti èéfín wò wá láti ara ọmọ ogun òfuurufú tí wọ́n wọ̀n ní 1967 àti 1968. Ní 2003, NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, wọn ojú òṣìṣẹ́ 3,997 láti oríṣiríṣi ẹ̀yà kí wọ́n tó tún un ṣe. Imú tó fẹ̀ ní ìsàlẹ̀, tí igi rẹ̀ kò ga, bí ti ọ̀pọ̀ wa, ń fẹ́ etí ìbòmú tó gbòòrò nísàlẹ̀ tó sì ga díẹ̀ lókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀gbẹ́ igi imú jáde. Okùn ẹ̀yìn orí kì í jókòó dáadáa lórí irun dídì tó yọ gọngọ. Ẹni tó bá fi òrí pa ojú kó tó sùn, ìbòmú á máa yọ̀ kiri lójú rẹ̀. Lára awọ dúdú, pípọ́n tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wò gẹ́gẹ́ bí àmì egbò kì í tètè hàn. Ọwọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wá a, bóyá ibẹ̀ gbóná tàbí ó le ju àyíká rẹ̀ lọ.

Ti ọmọdé ló gba ìṣọ́ra jù, nítorí egungun wọn ṣì ń dàgbà. Ìbòmú tó ń tẹ ibì kan náà lálaalẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè má jẹ́ kí àárín ojú ọmọ yọ síwájú bó ṣe yẹ. Àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí ń yẹ ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò lóòrèkóòrè, wọ́n sì lè fún un ní ìbòmú oríṣi méjì tí kì í tẹ ibì kan náà, kó máa fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀.