Ọdẹ Inú Ìwé àti Ọdẹ Ilé Wa

Nínú ìdánwò ọdún kejì mi ni mo ti kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọdẹ Yorùbá ti rí, kí ó lọ ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, kò tún ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Olùkọ́ fún mi ní máàkì tí ó dára lórí gbólóhùn náà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, gbólóhùn yẹn gan-an ni mo wá kó jẹ lónìí. Máàkì náà kò ṣeé dá padà mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣeé dá padà.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti sọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ jìnnà sí ilé púpọ̀. Nígbà tí mo rí àyè bọ́ sí èyí tí ó súnmọ́ tòsí, ó wá ṣeé ṣe fún mi láti máa lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Ṣàpọ́n, nínú ilé tí bàbá bàbá mi kọ́. Ẹni tí ó bá mọ Ṣàpọ́n yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti í ronú nípa ìgbẹ́ ọdẹ. Ọkọ̀ ń fọn fèrè, ọlọ́kadà ń kọrí sí Ìtọ́kú, oníkẹ̀kẹ́ ń pe èrò Aké àti Kútọ̀, àwọn tí ń ta fóònù sì ti fi orin di ènìyàn létí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá Bàbá Kékeré mi, ṣakabùlà kan fi ara ti ògiri níbẹ̀, àpò ọdẹ sì so kọ́ lókè rẹ̀. Iṣẹ́ fọkanáísà ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀sán. Ní òru ọjọ́ Jímọ̀, wọn a di ọdẹ. Nígbà tí mo wà lókèèrè, mo mọ èyí bí ènìyàn ti í mọ ohun tí a sọ fún un. Nígbà tí mo padà sílé ni mo tó tẹ̀ lé wọn.

Ní òru kan, a pa ọ̀yà méjì ní ẹ̀bá ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá, nítorí kò sí igbó tí ó ṣeé dẹ mọ́ nítòsí wa. Ilé ti gba gbogbo rẹ̀. Mo ní 'a pa', bẹ́ẹ̀ ni èmi kò pa ohunkóhun. Tọ́ọ̀ṣì ni mo gbé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì tẹ igi gbígbẹ mọ́lẹ̀ tí ẹran fi sá lọ. Ní ọjọ́ kejì, bí Bàbá Kékeré ti ń wi ọ̀yà lórí iná lẹ́yìnkùlé, mo mú ìwé Fágúnwà jáde, mo sì ka ìjà Àkàrà-oògùn pẹ̀lú Àgbákò sí wọn létí. Wọ́n gbádùn rẹ̀. Nígbà tí mo kan ojú mẹ́rìndínlógún Àgbákò, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo kà á tán, wọ́n yí ọ̀yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ní:

'Ta ni ó wá jẹ ẹran náà?'

Mo ní, 'Bàbá Kékeré, kò sí ẹran níbẹ̀. Ẹbọra ni Àgbákò.'

'Mo gbọ́. Èwo ni ó wá pa gbé bọ̀ wá sílé?'

Mo ṣí ìwé síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn. Mo ti fẹ́ máa ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹran.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo rí ohun tí ìbéèrè wọn túmọ̀ sí. Itan kan lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Itan kejì lọ sí ọ̀dọ̀ olórí ẹbí, ẹni tí kò bá Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀ láti ìgbà ọ̀ràn ilẹ̀ kan. Ẹran dé ibẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, wọ́n sì gbà á. Àyà di ti ìyàwó ilé tí ó bímọ tuntun. Èmi tí mo gbé tọ́ọ̀ṣì gba ọrùn. Ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní ojúde wa gba tirẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti fọn iná. Bí a ti ń pín in bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wọlé, tí ohùn ń gbóná, tí wọ́n ń bi mí bí mo ti ṣe nínú òkùnkùn, tí wọ́n sì ń fi mí ṣẹ̀sín nítorí igi gbígbẹ. Ohun tí ó kù fún ọdẹ gan-an kò kún àwo. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní í fún ẹnìkan jẹ. Mo ti mọ òwe náà láti kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ ahun ni. Ó wá yé mi pé ìdàkejì rẹ̀ gan-an ni òwe náà ń sọ: pé gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ọdẹ yóò fún wọn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sínú ìwé. Ní 1938 ni ìwé náà jáde, kò sì sí ìwé ìtàn Yorùbá tí a kà tó o láti ìgbà náà. Kí ni ó sọ fún wa nípa ọdẹ àti ẹbí rẹ̀? Ọdẹ ni bàbá Àkàrà-oògùn, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Àgbọ̀nrín tí bàbá náà yìnbọn lù ní ọjọ́ kan, aya rẹ̀ ni. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí òun pẹ̀lú fi kú. Èyí ni ẹran kan ṣoṣo tí ó so mọ́ ilé nínú gbogbo ìwé náà, ìyá ọmọ sì ni ẹran náà. Ẹ tún wo Kàkò Oníkùmọ̀ Ẹkùn. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n wá pè é sí ìrìn-àjò Òkè Láǹgbòdó. Obìnrin náà dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀ lọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ti ka ibẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin nígbà tí mo wà lókèèrè, kò ṣe mí ní nǹkankan. Akin ni mo rò pé ó ń fi hàn. Ìgbà karùn-ún tí mo kà á, nínú ilé tí ìyàwó ilé ti ń jẹ àyà ọ̀yà lọ́wọ́, ara mi bù máṣọ.

Kókó ẹ̀sùn mi nìyí. Ọdẹ Fágúnwà ní láti já okùn ilé kí ó tó lè di ọdẹ. Ọdẹ tí mo rí, okùn ilé ni ó gbé e lọ sí igbó, okùn náà ni ó sì fà á padà. Ìjà ni ìwé náà fi àyè sílẹ̀ fún, àti ẹ̀kọ́, pàápàá nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèjè. Olùkọ́ ni Fágúnwà í ṣe, Kristẹni sì ni. Igbó rẹ̀ jẹ́ ilé ìdánwò fún ọkàn ènìyàn, bí ọ̀nà ti jẹ́ fún èrò inú ìwé Bunyan. Kò burú bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí àwa máa pe ilé ìdánwò náà ní àwòrán ìgbésí ayé ọdẹ, kí a sì máa gba máàkì lórí rẹ̀.

Kò sì mọ sí Fágúnwà nìkan. Ẹ gbé orúkọ Ọdẹ́wálé yẹ̀ wò: ọdẹ wá sí ilé. Orúkọ ayọ̀ ni. Ọlá Rótìmí mú un fi sọ ọba inú The Gods Are Not to Blame, eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1968, ọdẹ ni ó tọ́ ọmọ náà dàgbà, wíwá rẹ̀ sílé sì ni ikú bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ pé láti Gíríìkì ni ìtàn náà ti wá. Síbẹ̀, nígbà tí a wá orúkọ Yorùbá fún àjálù, orúkọ ọdẹ tí ó padà sílé ni ó bọ́ sí wa lẹ́nu. Ní òkè òkun pàápàá, Hemingway kọ ìwé kan ní 1952 nípa arúgbó apẹja ará Kúbà tí ó pa ẹja ńlá lójú òkun. Bí mo bá ka ìyẹn sí Bàbá Kékeré létí, mo mọ ohun tí wọn yóò bi mí, èmi yóò sì ní láti dáhùn pé ekurá ni ó jẹ ẹ́ tán kí ó tó dé èbúté.

Ẹnìkan ni mo rí tí ó yàtọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta níhìn-ín sì ni: Amos Tutùọlá, tí a bí ní 1920. Nínú The Brave African Huntress, tí ó jáde ní 1958, obìnrin ni ọdẹ náà. Ó jogún iṣẹ́ ọdẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ohun tí ó sì lọ dẹ nínú igbó ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n lọ tí wọn kò bọ̀. Ó mú wọn bọ̀ wá sílé. Àwọn ènìyàn a máa fi Gẹ̀ẹ́sì Tutùọlá ṣẹ̀sín, wọ́n sì fi ìwé yìí sẹ́yìn The Palm-Wine Drinkard jìnnà. Èmi kò ní í sọ pé ó dára jù ú lọ. Àárín rẹ̀ fẹjú, ìtàn náà a sì máa gbàgbé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìbéèrè Bàbá Kékeré, òun nìkan ni ó ní ìdáhùn.

Ní ti Wọlé Ṣóyínká, tí ó tú Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, ọdẹ ni òun fúnra rẹ̀, Abẹ́òkúta ni a sì ti bí i. Ó sọ nípa ìpadàbọ̀ rẹ̀ sílé ní 1998 nínú You Must Set Forth at Dawn, ìwé 2006, àti nípa ilé rẹ̀ tí igbó yí ká ní Abẹ́òkúta. Ọdẹ ibẹ̀ dùn ún kà, ìsinmi ọkàn ni fún un, àwọn ọ̀rẹ́ sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọdẹ ẹni tí ìyá àgbà ń retí itan lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹja, nítorí kò sí ẹni tí í sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń dẹ àwọ̀n àti ìgèrè sínú odò Ògùn ní apá Láfẹ́nwá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe Ògùn bí Ògún. Yemọja ni ó ni odò náà, yèyé ọmọ ẹja, orúkọ tí ó ti so ẹbí àti ẹja pọ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ìsédò Ọ̀yán ní 1983, kì í ṣe òjò nìkan ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń wò mọ́. Bí wọ́n bá ṣí ẹnu ìsédò náà, omi a kún, a sì gbá ìgèrè lọ. Ẹni tí ń bá irú odò bẹ́ẹ̀ jà kò ṣe aláìní ìtàn. Ṣùgbọ́n igbó ni àwọn òǹkọ̀wé wa sáré wọ̀. Adébóyè Babalọlá kó oríkì ẹran, ti ẹyẹ àti ti igi jọ fún wa nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá ní 1966, ó sì ṣe é ní àṣeyanjú. Ta ni yóò jókòó ti apẹja? Mo bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi ìdí rẹ̀ tí apẹja kò fi ní ariwo bí ọdẹ. Wọ́n ní ẹja máa ń gbọ́ ohùn.

Mo ní láti sọ ohun tí ó gbèjà Fágúnwà, nítorí mo fẹ́ràn ìwé náà, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo wá fọ́ ọ ni. A ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ohun tí ojú ọdẹ rí nínú igbó, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni í sọ. Àkàrà-oògùn sọ gbogbo rẹ̀. Arúgbó ni nígbà tí ó wá bá akọ̀wé, tí ó ní kí ó mú gègé àti ìwé. Ní ọjọ́ kìíní, àwọn méjì péré ni. Ní ọjọ́ kejì, ìròyìn ti kàn, èrò ti dé. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tún pọ̀ sí i. Nígbà tí mo wà lókèèrè, mo máa ń fò ojú ewé wọ̀nyí láti tètè dé ibi ìjà. Nísinsìnyí, àwọn ni mo kà jù. Èrò tí ń kóra jọ, tí ń jókòó, tí ń retí ti ọwọ́ ọdẹ: mo ti rí irú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣàpọ́n. Ó lè jẹ́ pé ìtàn náà ni ẹran tí ó gbé bọ̀, tí ó sì pín. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe inú igbó ni ìwé náà ti jẹ́ ìwé ọdẹ, ẹnu ọ̀nà ilé akọ̀wé ni.

Mo gbé èyí lọ bá Bàbá Kékeré ní Sátidé tí ó kọjá. Ṣakabùlà wà ní ilẹ̀, wọ́n ń fi òróró nù ún, wọ́n ní ojú àwọn kò ríran bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kí n mú àkísà kan kí n bá wọn nu ìdí rẹ̀. Mo ń nù ún, mo ń ṣàlàyé nípa èrò ọjọ́ kejì àti ti ọjọ́ kẹta. Wọ́n fi ara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi dákẹ́.

Wọ́n ní, 'Ọ̀rọ̀ náà dára. Ó ṣì jẹ wá ní itan kan.'