Ọ̀yọ́-Ilé Láàárín Wákàtí Méjì

Ìwé ìpolówó kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, ó ń pe èèyàn sí ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan sí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park. Àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bi mí pé kí ni mo rí sí i. Èsì mi rèé.

Ètò wọn lọ báyìí: láàárọ̀, ẹ wo ẹranko, lọ́sàn-án, wákàtí méjì ní àwókù Ọ̀yọ́-Ilé, nírọ̀lẹ́, ó dilé. Mi ò bá wọn jà pé wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Ohun tí mo bá wọn wí ni pé wọn ò sọ ìdí tí méjèèjì fi wà lójú kan náà.

Igbó yẹn kì í ṣe igbó àtètèkọ́ṣe. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dún 1826, ìlú ńlá ni, Aláàfin Májọ̀tú ló wà lórí ìtẹ́. Kò tó ogún ọdún sí i tí ogun fi tú u ká. Àwọn ará ìlú forí lé gúúsù, Àtìbà sì sọ Àgọ́ Ọjà di Ọ̀yọ́ tuntun. Koríko gba ààfin, ẹranko gba ojú ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba sọ ọ́ di ibi ìpamọ́ ẹranko ní 1952, kó tó wá di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ohun tí ogun fi sílẹ̀ ni wọ́n ń pa mọ́. Ẹfọ̀n tó ń jẹ̀ lágbègbè ibẹ̀, orí oko onílẹ̀ ló ti ń jẹ̀. Ẹni tó bá wo ẹranko láìgbọ́ èyí, ìdajì ló wò.

Ètò náà kò sì tẹ̀lé ìṣe ilẹ̀ tàbí ti ẹranko. Ìwọ̀n ọgbà náà tó 2,512 kìlómítà níbùú-lóròó. Àríwá ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, lọ́nà Ìgbẹ́tì. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tí wọ́n ti fẹ́ wo ẹranko wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdàjí àti ìrọ̀lẹ́ ni àgbọ̀nrín máa ń jáde dáadáa. Tóòrùn bá ti kàntàrí, abẹ́ igbó ló ń wà. Oòrùn kan náà ni wọ́n wá fẹ́ fi kó èèyàn lọ síbi tí kò lórùlé. Ta ló máa gbọ́ ìtàn nínú ìyẹn?

Bẹ́ẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé ò ṣe é fojú lásán wò. Kò sí òpó, kò sí ère. Ògiri tó yí ìlú ká ti di ebè gígùn nínú koríko. Robert Soper àti Patrick Darling kọ odidi àpilẹ̀kọ lórí rẹ̀ ní 1980. Àpáàdì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un á tẹ̀ ẹ́ kọjá ni. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un wálé o!)

Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n wò bá ṣì wà. Ọmọ tó bá padà délé tó ní koríko lòun rí, kò ní í bá wa jà lọ́jọ́ tí katakata bá dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ méjì sí i. Bí àyè ò bá gbà á, Ọ̀yọ́-Ilé nìkan ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì tètè débẹ̀ ní kùtùkùtù. Inú igbó kan náà ni. Bí orí bá bá yín ṣe é, ìjímèrè á wá kí yín níbẹ̀.