Nọ́ọ̀sì Tó Ń Fi Omi Ka Wákàtí

Ní èbúté Creek Road, ní apá Port Harcourt àtijọ́ tí àwọn ará ìlú ń pè ní Town, ni àwọn bóòtì tó ń lọ sí Bonny, Bille àti Nembe ti ń kó èrò. Àwọn oníbúrẹ́dì ń polówó, àwọn olómi inú ọ̀rá ń polówó, àwọn ọmọkùnrin tó ń pe èrò sì ń fa gbogbo ẹni tó bá dé lápá. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ abúlé etídò kì í kọ́kọ́ béèrè owó ọkọ̀. Ohun tó máa ń bi awakọ̀ ni pé: ṣé omi ń kún ni, àbí ó ń fà?

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ni ìbéèrè yẹn. Ní ibi tí àwọn odò Ìpínlẹ̀ Rivers ti ń wọ òkun, láti Okrika dé Abonnema, láti Buguma dé Opobo àti Andoni, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún tó sì ń fà. Nǹkan bíi wákàtí 6 ló fi ń kún, ó sì ń lo bíi wákàtí 6 láti fà. Bó bá fà tán, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ odò tóóró á di ẹrẹ̀ dúdú tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní chikoko, bóòtì tó bá kó sí i á jókòó síbẹ̀ títí omi á fi padà. Obìnrin tó bá ń sun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ní àkókò bẹ́ẹ̀ kò ní olùgbàlà mìíràn ju ọwọ́ nọ́ọ̀sì àti ohun tó wà nínú àpò rẹ̀.

Bí wọ́n bá ń yin àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìgbèríko, ìgboyà àti ìfaradà ni wọ́n máa ń yìn. Ẹni tó kọ àròkọ yìí, agbẹ̀bí tó ti ṣiṣẹ́ lórí omi wọ̀nyí, kò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wú u lórí jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni ìṣirò: kí nọ́ọ̀sì rí ewu nígbà tí ewu ṣì wà lókèèrè, kí ó sì pinnu ní ọ̀sán nípa ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru.

Ìwé kan wà tí gbogbo agbẹ̀bí mọ̀, partograph lorúkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sàmì sí bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ń ṣí, bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù àti bí ìrora ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Ìlà méjì ló wà lórí rẹ̀, ìlà ìkìlọ̀ àti ìlà ìgbésẹ̀, wákàtí 4 sì ni àlàfo tó wà láàárín wọn. Philpott àti Castle, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Rhodesia, orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí, ló gbé ìlà méjèèjì jáde ní 1972. Wọn kò ṣàdédé mú wákàtí 4. Wọ́n fi í síbẹ̀ kí agbẹ̀bí ilé ìwòsàn kékeré tó jìnnà sí ìlú lè ráyè gbé aláboyún dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìrìn àjò ti wà nínú ìwé yẹn. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìwé mìíràn jáde tí kò lo ìlà méjì náà mọ́, nítorí ìwádìí ti fi hàn pé ìrọbí obìnrin kan kì í rìn bíi ti ẹlòmíràn. Ìtẹ̀síwájú ni. Síbẹ̀, agbẹ̀bí orí omi kò lè ṣaláì fi wákàtí ìrìn àjò yẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣe é. Obìnrin tó fẹ́ bí àkọ́bí dé ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Ìrora rẹ̀ kò tíì le, ọkàn ọmọ ń lù dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru díẹ̀díẹ̀, ó sì ní orí ń fọ́ òun. Ní UPTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti University of Port Harcourt tó wà ní Alakahia, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á máa ṣọ́ ọ, nítorí yàrá iṣẹ́ abẹ kò jìnnà. Ní ibùdó apẹja kan ní Andoni, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, pé ẹsẹ̀ odò tó já sí odò ńlá kò ní ṣeé gbà tó bá di agogo 7, pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò sì ní jáde lálẹ́ nítorí àwọn ajalèlókun. Bó bá dúró kí àmì ewu tó dájú, ó ti pẹ́ jù. Agogo 4 yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ sọ fún ìdílé rẹ̀ pé ó yá, ẹ wá bóòtì. Ìyá ọkọ lè wò ó pé ọmọ yìí ṣì ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, kí ló dé tí ẹ fẹ́ ná wa lówó epo? Láti fi sùúrù dáhùn ìbéèrè yẹn, láìdẹ́rù ba aláboyún, láìtàbùkù ìyá ọkọ, iṣẹ́ ọwọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí gígún abẹ́rẹ́ ṣe jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Kí bóòtì tó gbéra, bí gìrì aláboyún bá ti mú un tàbí tó fẹ́ mú un, magnesium sulphate ni nọ́ọ̀sì yóò fún un: gírámù 4 sínú iṣan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà gírámù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan. Yóò fi ẹ̀gbẹ́ òsì tẹ́ ẹ sínú bóòtì. Bí ọ̀nà bá gùn débi pé ó ní láti tún oògùn náà fún un, á kọ́kọ́ kan eékún rẹ̀ wò, á ka mímí rẹ̀, á wo iye ìtọ̀ tó ti tọ̀, nítorí oògùn tó ń dá gìrì dúró lè dá èémí dúró pẹ̀lú bó bá pọ̀ jù. Gbogbo èyí, láìka ariwo ẹ́ńjìnnì àti omi iyọ̀ tó ń ta sójú sí.

Àpò rẹ̀ tún jẹ́ ohun tó yẹ kí èèyàn wò dáadáa. Fèrè onígi tí wọ́n ń gbé ka ikùn láti gbọ́ ọkàn ọmọ wà níbẹ̀, kò nílò bátìrì. Kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níbẹ̀ pẹ̀lú yìnyín rẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 Celsius lọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ tutù ju ìwọ̀n 2 lọ. Lára ìgò abẹ́rẹ́ ni àmì kékeré kan wà, igun mẹ́rin nínú róbótó. Bí ooru bá ti ń ba oògùn náà jẹ́ ni igun mẹ́rin yẹn ń dúdú sí i. Bó bá ti dúdú tó róbótó tó yí i ká, a kì í fún ọmọ mọ́. Láti 1996 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì yìí sára oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu. Lójú agbẹ̀bí tó ń kọ èyí, ìwọ̀nba ohun èlò ìṣègùn ló bọ̀wọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìgbèríko tó èyí: ó ń sọ òótọ́ fún un láìsí iná mànàmáná, láìsí ọ̀gá tó dúró tì í.

Oxytocin, oògùn àkọ́kọ́ fún dídènà ìsun ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, ń fẹ́ òtútù pẹ̀lú. Misoprostol kò fẹ́ ẹ, hóró oògùn ni, ó sì ń bá èèyàn rìn nínú àpò. 2006 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí lílò rẹ̀ fún ìsun ẹ̀jẹ̀ ìbímọ. Ọ̀rá onísàmì kan tún wà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìyá kí wọ́n lè rí iye ẹ̀jẹ̀ tó dà gan-an, nítorí ojú lásán máa ń ka ẹ̀jẹ̀ kéré ju bó ṣe rí lọ. Ìwádìí kan tó kan ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, South Africa àti Tanzania, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, fi hàn pé níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá yìí, tí wọ́n sì fún ìyá ní gbogbo ìtọ́jú tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le koko àti aburú tó ń tẹ̀lé e fi ìdá 60 nínú 100 dín kù.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dá, aṣọ ìdìmọ́ra ló kù. Aṣọ rọ́bà tó nípọn ni, ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, títí dé ikùn. Ó ń ti ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú ara padà sí ọkàn àti ọpọlọ, ó sì ń ra wákàtí díẹ̀ fún obìnrin tó wà lójú omi. Nàìjíríà àti Íjíbítì wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò. Ohun tó ń ba agbẹ̀bí lẹ́rù nípa rẹ̀ ni èbúté ìgúnlẹ̀: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fa aṣọ náà ya kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó fún ìyá ní ẹ̀jẹ̀, kí agbára rẹ̀ sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í fi aláìsàn rán bóòtì. Ó ń bá a lọ.

Ọmọ tí kò tó oṣù, àyà ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́, awọ sí awọ, kí wọ́n tó fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Dókítà Edgar Rey ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú yìí ní Bogotá, ní Colombia, ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ ìmóoru ọmọ kò tó. Ó wúlò nínú bóòtì pẹ̀lú, nítorí afẹ́fẹ́ orí odò Bonny tutù ju bí ará ìlú ṣe rò lọ.

Ẹnikẹ́ni kì í kàn wọ abúlé etídò bí ẹni wọ ọjà. Nọ́ọ̀sì tuntun ń kọ́kọ́ kí olórí àdúgbò, ó ń kí ìyá àwọn obìnrin, lẹ́yìn náà ó ń wá ìyá àgbà tó ti ń gbẹ̀bí fún wọn kí òun tó dé. Ẹni tó bá fojú tẹ́ńbẹ́lú ìyá yẹn ti pàdánù ìdajì àwọn aláboyún abúlé. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti 2018 fi hàn pé ìbímọ 39 péré nínú 100 ló wáyé ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú ìyókù wà. Èdè Kalabari, Ibani, Obolo àti Khana kò jọ Yorùbá rárá, ṣùgbọ́n pidgin ń gba gbogbo ilé wọlé. “Mama, wetin dey do you?” ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì jókòó jẹ bọ̀ọ̀lì wọn, tí wọ́n ń fi ẹja àti ata jẹ dípò ẹ̀pà tí a mọ̀ nílé, á rí i pé àwọn èèyàn ń sọ ohun tí wọn kò sọ nínú yàrá ìtọ́jú.

Kí ọmọ Yorùbá wá ṣiṣẹ́ lórí omi yìí kì í ṣe ohun tuntun. 1864 ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn, di bíṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ìjọ rẹ̀ sì dé Bonny. Dandeson ọmọ rẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún ní agbègbè náà, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Elelenwo. Ní ti ìṣègùn, 1925 ni Braithwaite Memorial bẹ̀rẹ̀ ní Port Harcourt, òun ló di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Rivers State University lónìí. Ọdún yẹn kan náà ni Mary Breckinridge dá iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹ́ṣin sílẹ̀ lórí òkè Kentucky ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn agbẹ̀bí ti ń gun ẹṣin sọdá odò lọ bá aláboyún.

Ní Nàìjíríà, ìgbìyànjú ńlá kan ni Midwives Service Scheme tí NPHCDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú ìlera alábọ́dé, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2009. Wọ́n kó àwọn agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn tí kò níṣẹ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé 652 káàkiri orílẹ̀-èdè, mẹ́rin mẹ́rin, kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Mẹ́rin mẹ́rin nínú àwọn ilé ìwòsàn kékeré yìí ni wọ́n so mọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan. Ètò tó mọ́gbọ́n wá ni, ẹni tó kọ èyí kò sì ní dákẹ́ yíyìn ín. Ibi tó ti mẹ́hẹ ni ibùgbé àti owó oṣù tó ń pẹ́. Nọ́ọ̀sì tí kò ríbi sùn sí ní abúlé á máa bá bóòtì ìrọ̀lẹ́ padà sí ìlú, òru sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń yàn láti wá sáyé. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kan ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alárìnkiri lónìí, àdéhùn ọ̀sẹ̀ 13 ló wọ́pọ̀, owó ilé sì máa ń wà nínú rẹ̀. Kí ló dé tí ti Andoni kò lè rí bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀ náà ní àrùn tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2011, UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè tó ń rí sí àyíká, ròyìn pé omi kànga kan ní Nisisioken Ogale, ní ilẹ̀ Ogoni, ní benzene tó ju ìlọ́po 900 òdiwọ̀n WHO lọ. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń yàgbẹ́, kí nọ́ọ̀sì tó kọ́ ìyá rẹ̀ bó ṣe máa po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ó gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, nítorí sísè kò lè sọ omi tí epo rọ̀bì ti bà jẹ́ di omi mímu. Àwọn ọ̀dọ́ tí iná jó ní kpofire, ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì láìgba àṣẹ, ń bọ̀ lóru, àwọn mìíràn ń bẹ̀rù láti sọ ibi tí iná ti jó wọn. Ojú ọgbẹ́ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Bí àkókò nọ́ọ̀sì ní abúlé bá pé, ìwé ló ń kọ sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ àrùn nìkan. Ó ń kọ aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti súnmọ́ àti èyí tó bí ìkẹyìn pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ. Awakọ̀ tó ń gbà láti jáde lóru àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wọlé lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ odò tó ń gbẹ àti iye wákàtí tó fi ń gbẹ. Ọmọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ku ẹyọ kan. Pẹ̀lú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bóòtì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ti lè mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bẹ̀ wò kí omi tó tún fà.