Jọ́nà àbí Àpérò: Níbo Ni Ká Gbé Iṣẹ́ Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà Lọ?

Ní 2009, Lance Fortnow, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Communications of the ACM. Ohun tó ń sọ ni pé ó ti tó àkókò kí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà dàgbà: kí àpérò jẹ́ ibi ìpàdé àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀, kí jọ́nà sì máa ṣe ìdájọ́ iṣẹ́, bó ṣe rí nínú àwọn ìmọ̀ yòókù. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti Àkókó níbí. Ẹni tó bá ń ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, Àkùngbá ló máa gbà kọjá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ irú ibẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n.

Fún àwa onímọ̀ ẹ̀dá èdè, àpérò kọ́ ni òpin ìrìn àjò. A ó ka pépà, wọ́n á bi wá ní ìbéèrè, a ó wá lọ tún un ṣe fún jọ́nà. Ti àwọn oníkọ̀ǹpútà yàtọ̀. Odindi pépà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àpérò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á yẹ̀ ẹ́ wò, ní àwọn àpérò ńlá wọ́n á sì dá èyí tó pọ̀ jù padà. Èyí tó bá wọlé ti di àtẹ̀jáde nìyẹn, láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ wo LREC 2020, tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Marseille. Àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdé, síbẹ̀ àwọn pépà jáde. Ọ̀kan nínú wọn, ti Alabi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí Yorùbá àti Twi, fi hàn pé kì í ṣe pípọ̀ ọ̀rọ̀ tí a kó fún kọ̀ǹpútà nìkan ló ṣe pàtàkì, mímọ́ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀fẹ́ ni; ọmọ tó wà ní Ìkàrẹ́ lè fi fóònù kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Àpérò ń béèrè físà, owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó ìforúkọsílẹ̀. Ní 2018, ọ̀pọ̀ onímọ̀ Áfíríkà ni wọn ò fún ní físà láti lọ sí NeurIPS ní Montreal. Ó di 2023 kí ICLR tó wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní Kigali. Ti Addis Ababa ní 2020, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló parí sí.

Nílé ńkọ́? Tó bá kan ìgbéga, jọ́nà ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń kà sí jù. Ẹni tí pépà rẹ̀ wọlé síbi tí gbogbo ayé ń wò lè gba máàkì tó kéré sí ti ẹni tó sanwó fún jọ́nà tí kò sẹ́ni tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ibí ni oògùn Fortnow ti kùnà lọ́dọ̀ wa: a ti ń lo jọ́nà tipẹ́, orúkọ jọ́nà nìkan kò sì wo àrùn.

Síbẹ̀, ó rí ohun kan. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Pépà àpérò kì í sábà ju ojú ewé mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ. Bí a bá yọ àmì kúrò, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ á di ọ̀kan náà lójú ẹ̀rọ. Ṣíṣàlàyé bí a ṣe tún un ṣe ń fẹ́ àyè. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọ̀rọ̀ Àrìgìdì tàbí Ukaan jọ, tí wọ́n ń sọ nítòsí wa níbí, ń fẹ́ sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jọ́nà gidi ń fúnni ní àyè yẹn: wọ́n á béèrè, wàá dáhùn, wàá tún un kọ.

Ọ̀nà kan wà tó so méjèèjì pọ̀. MasakhaNER, iṣẹ́ David Adelani àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí èdè Áfíríkà 10, Yorùbá pẹ̀lú, jáde ní 2021 nínú TACL. Jọ́nà ni TACL, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jáde níbẹ̀ láǹfààní láti sọ ọ́ ní àpérò ẹgbẹ́ tó ni ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owó bá ṣòro, ẹ wá àpérò tó gba kíkópa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá fẹ iṣẹ́ náà lójú fún jọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga, púpọ̀ nínú yín sì jókòó ní kíláàsì mi rí, ẹ má ka orúkọ ibi tí pépà ti jáde nìkan. Ẹ ṣí i, kí ẹ kà á.