Koríko Kì í Ṣe Ilẹ̀: Àyẹ̀wò Òṣùwọ̀n tí a fi ń Dá Ilẹ̀ Ìwakùsà Láre, pẹ̀lú Ìtọ́ka sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

1. Ìfáàrà

Bí awakùsà bá ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, tí ó dí kòtò rẹ̀, tí ó sì gbin nǹkan sí i, kí ni a ó fi mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti padà bọ̀ sípò? Ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn tí ó gbajúmọ̀ ni pé kí a gé koríko orí rẹ̀, kí a sá a gbẹ, kí a sì wọ̀n ọ́n. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó sọ ibi tí òṣùwọ̀n yìí ti lágbára, a ó sì fi hàn pé bí a bá gbé e wá sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ láìtún un ṣe, yóò dá ẹlẹ́bi láre.

2. Bí òṣùwọ̀n náà ṣe rí

Amẹ́ríkà ni a ti fìdí òṣùwọ̀n yìí múlẹ̀ nínú òfin. Òfin ìwakùsà èédú tí Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1977 pàṣẹ pé kí awakùsà fi owó ìdógò sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sì ní rí owó náà gbà tán àfi bí ilẹ̀ bá ti padà wúlò. Níbi tí òjò bá ju íǹṣì 26 lọ lọ́dún, ọdún 5 gbáko ni yóò fi bójú tó ilẹ̀ náà. Níbi tí òjò kò bá tó bẹ́ẹ̀, ọdún 10. Lórí ilẹ̀ ìjẹko ẹran, ìlànà tí ó tẹ̀lé òfin náà ni pé ìkórè koríko kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 90 nínú 100 ti ilẹ̀ àfiwé.

Wíwọ̀n náà kò ṣòro. A ó gbé férémù tí ó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, sí ibi mélòó kan láìṣa ibi tí ó dára. A ó gé koríko inú rẹ̀, a ó gbẹ ẹ́, a ó sì wọ̀n ọ́n. Bí férémù kọ̀ọ̀kan bá mú gíráàmù 400 wá ní ìpíndọ́gba, tọ́ọ̀nù 4 ni ìyẹn lórí hẹ́kítà kan.

3. Ibi tí ó lágbára

Kò yẹ kí a ta òṣùwọ̀n yìí nù. Ó sọ ọ̀rọ̀ di iye tí a lè jiyàn lé lórí. Ó fi àkókò sí i, nítorí pé kì í ṣe ọjọ́ tí ewé kọ́kọ́ yọ ni a ń dájọ́. Ó sì so ìdájọ́ mọ́ owó. Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ tí koríko bò kì í tètè bá àgbàrá lọ.

4. Ibi tí ó ti kùnà

Àléébù kìn-ín-ní ni ajílẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní ọ̀rá lè hu koríko gíga bí a bá da ajílẹ̀ sí i. Agbára ajílẹ̀ ni a wọ̀n nígbà náà. Àwọn Amẹ́ríkà mọ èyí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí a tún ọdún kà láti ìgbà tí a fi àfikún ajílẹ̀ sí ilẹ̀ kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ìwọ̀n tí àgbẹ̀ àdúgbò máa ń lò láyè.

Èkejì ni gbòǹgbò. Koríko lè rọ́nà jẹ nínú ilẹ̀ díẹ̀ tí ó wà lókè. Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ ń fẹ́ ilẹ̀ tí ó rọ̀ kí iṣu rẹ̀ tó lè ta dáadáa. Ibi tí katakata ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gbagidi, koríko lè yege kí ẹ̀gẹ́ kùnà.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Àgbẹ̀ Yorùbá kì í wọn koríko. Irú rẹ̀ ni ó ń wò. Bí ẹ̀kan bá gba oko, ó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá. Bí akíntọ́lá bá bò ó, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú, tí ekòló sì ń ṣu síbẹ̀, ó mọ̀ pé ilẹ̀ ń sinmi. Lórí òṣùwọ̀n, ẹ̀kan a máa tẹ̀wọ̀n. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

A lè rí òdìkejì rẹ̀ ní òkè Jos, níbi tí ìwakùsà tíìnì ti fi kòtò àti adágún omi sílẹ̀. Ìjọba gbin igi eucalyptus sí apá kan ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn fa omi adágún, wọ́n da eérú àti ìgbẹ́ ẹran sí ilẹ̀, wọ́n sì ń kórè ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó bá gbé férémù koríko lọ síbẹ̀ kò ní rí iṣẹ́ wọn.

5. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Oríṣi ìgbẹ́lẹ̀ méjì ni ó kàn wá jù níhìn-ín: iyẹ̀pẹ̀ pupa tí ọkọ̀ tipa ń kó láti orí ilẹ̀, àti yanrìn tí a ń fà láti inú ọ̀sà. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka yanrìn, amọ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ ohun tí òfin ń darí, ó sì dá owó àkànṣe sílẹ̀ fún àtúnṣe ilẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí a mọ ohun tí a ó wọ̀n.

Òjò wa ju íǹṣì 26 lọ fíìfíì. Bí a bá tẹ̀lé ìṣirò Amẹ́ríkà, ọdún 5 ti tó. Ṣùgbọ́n òjò tí ń mú koríko hù kíákíá náà ni ó ń ṣan ọ̀rá ilẹ̀ lọ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje. Bí koríko ṣe yá tó kò sọ fún wa bóyá ilẹ̀ yóò dúró.

Ní ti ọ̀sà, òṣùwọ̀n koríko yadi pátápátá. Kò sí ilẹ̀ tí a ó gbé férémù lé. Ẹja ni àdánù ibẹ̀, ẹni tí ó sì lè jẹ́rìí sí i ni apẹja àti àwọn ìyá tí ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́.

6. Ìgúnlẹ̀

Èrò wa ni pé kí a di ìlànà owó ìdógò mú, kí a sì yí ohun tí a ń wọ̀n padà. Kí a wọn ìkórè oko kí awakùsà tó gbẹ́ ẹ, nítorí pé bí a bá dúró di ẹ̀yìn ìgbẹ́lẹ̀, oko ẹ̀gbẹ́ tí ó ti ṣá ni wọn yóò fi ṣe àfiwé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dí kòtò, kí a gbin ẹ̀gẹ́ láìsí ajílẹ̀ rírà, kí a sì kórè rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí a ka irú igbó tí ó hù níbẹ̀, kí a sì fi ọ̀pá irin wo bí ilẹ̀ ti rọ̀ jìn tó. Ní etí ọ̀sà, kí a ka ẹja tí apẹja ń mú ṣáájú àti lẹ́yìn. Kí àwọn tí ó ni oko àti àwọn apẹja wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sì dá owó padà fún awakùsà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.